Torí nǹkan oṣù tó ń ya lẹ ṣe fẹ́ lọ gba acupuncture? Bẹ́ ẹ ṣe máa wádìí ẹ̀ nìyí

Ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi ní Òṣogbo, tí nǹkan oṣù bá ń ya bí omi ẹ̀rọ, kò sóhun téèyàn ò lè fẹ́ gbìyànjú. Acupuncture, ìyẹn abẹ́rẹ́ tín-ín-rín táwọn ará Ṣáínà máa ń gún sára láìfi oògùn kankan sí i, kò burú kéèyàn wádìí ẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ la ti ń bẹ̀rẹ̀ o.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fà á. Tó bá ju ọjọ́ 7 lọ, tẹ́ ẹ bá ń pààrọ̀ páàdì ní wákàtí kan sí méjì, tàbí ẹ̀jẹ̀ dídì ńláńlá ń bọ́, ẹ lọ sí UNIOSUN Teaching Hospital tàbí ọsibítù ìjọba ní Asubiaro, kí wọ́n ṣe skáànù ilé ọmọ, kí wọ́n yẹ PCV yín wò, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ yín ti dín kù lára. Ó lè jẹ́ ìju, ó lè jẹ́ ìṣòro thyroid tó wà lọ́rùn, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tí kì í tètè dì látìgbà ọmọge, ẹni tó bá sì ti lé ní 45, ó yẹ kí wọ́n wò ó dáadáa pé kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Ó wá kan ìwádìí. Ẹ ṣí PubMed lórí fóònù yín, ọ̀fẹ́ ni, ilé ìkàwé ìṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín, ẹ tẹ acupuncture pẹ̀lú heavy menstrual bleeding, ẹ tún fi menorrhagia wá a torí orúkọ tí wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ wo Cochrane náà, àwọn tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ tí wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin mélòó ni wọ́n lò? Ṣé wọ́n fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n kàn ṣe bíi pé wọ́n ń gún? Ṣé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó ni wọ́n wò àbí inú rírun? Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà, torí inú rírun ni ọ̀pọ̀ ìwádìí abẹ́rẹ́ yìí dá lé, èèyàn á kà á tán á rò pé ti ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹ̀rí ti ẹ̀jẹ̀ ò tíì lágbára rárá, tranexamic acid, ìyẹn oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, àti Mirena, ìyẹn ohun kékeré tó ní hormone tí wọ́n ń fi sílé ọmọ, lẹ̀rí wọn dúró, ẹ bi dókítà nípa wọn.

Tẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ gún un mọ́ tọsibítù, ẹ bi onítọ̀hún níbi tó ti kọ́ṣẹ́. Abẹ́rẹ́ tuntun ni o, kó já a nínú ọ̀rá lójú yín, torí HIV àti hepatitis B ń gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé. Ẹ sọ fún un tẹ́ ẹ bá lóyún tàbí tẹ́ ẹ bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ pa oògùn dókítà tì, ẹ dìde ńbẹ̀. Ẹ máa kọ iye páàdì àti iye ọjọ́ sílẹ̀ lóṣooṣù kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń dín kù lóòótọ́, àmọ́ tí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí páàdì ń kún ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ẹmájẹ́ńsì ni kí wọ́n gbé yín lọ lójú ẹsẹ̀.