Ẹ Fohùn Ṣọ̀kan Kí Ẹ Tó Kúnlẹ̀
Ẹ̀yin ará wa nínú Olúwa ní Kétu, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà àpapọ̀, ẹ kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan tàbí méjì péré tí ẹ fẹ́ bèèrè, kí ẹnì kan máa sọ ọ́ ní gbólóhùn kúkúrú, kí àwọn yòókù sì máa ṣe àmín sí i. Ìfohùnṣọ̀kan ẹni méjì ni ìlérí Jésù nínú Mátíù 18:19 dá lé, kì í ṣe ariwo (bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo dùn mọ́ àwa kan); ẹni tí ìbànújẹ́ sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ yóò lè fi àmín tirẹ̀ bá wọn gbàdúrà. Àmọ́ ẹ má ṣe gbé ọ̀rọ̀ àṣírí ẹlòmíràn wá síbẹ̀: ìyẹ̀wù tí Mátíù 6:6 sọ, níbi tí èèyàn ti ń dá gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀, ni kí ẹ gbé e lọ.