Bí Mo Ṣe Tọ́kùn Àpérò lórí Èdè Ìkọ́ni ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù nígbà tí ẹgbẹ́ olùkọ́ tí mo wà nínú rẹ̀ ní kí n wá ṣe atọ́kùn àpérò ọdún náà. Àkòrí tí wọ́n ti mú ni “Èdè Abínibí nínú Ètò Ẹ̀kọ́ Nàìjíríà”. Wọ́n sì ti pe ènìyàn mẹ́ta tí yóò sọ̀rọ̀: onímọ̀ ìtàn kan, olùkọ́ àgbà obìnrin kan tó ti fẹ̀yìntì, àti bàbá kan tó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ níbi tí ìjọba ti ń ṣètò ìlànà ẹ̀kọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá fi àkòrí náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí a ó gbọ́ kò ní ju pé èdè wa ń kú lọ, pé àwọn òbí ló fà á, pé ìjọba kò sì náání. A ó pàtẹ́wọ́, a ó sì tú ká.

Nítorí náà, mo kọ́kọ́ sọ àkòrí náà di ìbéèrè. Ìlànà Orílẹ̀-èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ tó jáde ní 1977 sọ pé èdè abínibí ọmọ, tàbí èdè àdúgbò rẹ̀, ni kí a fi máa kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ kíláàsì kò fi tẹ̀ lé e? Àkòrí máa ń fa ìwàásù, ṣùgbọ́n ẹni tí a bá bi ní ìbéèrè lórí ohun tó wà nínú ìwé kan pàtó ní láti sọ ohun tó mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo to àwọn ọdún sí ojú ìwé kan ṣoṣo, kí gbogbo wa lè jọ máa wo ohun kan náà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti 17 oṣù kìíní 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, lórí àbá tí mínísítà rẹ̀, Stephen Awókọ̀yà, ti gbé kalẹ̀ ní 1952. Ṣùgbọ́n ìdajì ojú ìwé náà ni mo yà sọ́tọ̀ fún ìwádìí tí Fásitì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá ṣáájú rẹ̀, tí àjọ Ford Foundation sì fi owó ràn lọ́wọ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́, títí kan ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ yòókù. Àwọn ẹgbẹ́ wọn mìíràn fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan, kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ délẹ̀ kò rẹ̀yìn rárá, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ tó wá sí àpérò wa kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ìsàlẹ̀ ìwé náà ni mo kọ ti oṣù kọkànlá 2022 sí, nígbà tí Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àti ti 2025, tí ìjọba fagi lé e.

Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì pe ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lórí fóònù. Ìpè yìí ṣe pàtàkì ju bí mo ti rò lọ. Mo bi màmá olùkọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ṣòro jù fún yín nígbà tí ẹ fi ń kọ́ni?” Wọ́n ní, “Ọmọ mi, èdè kọ́ ni ìṣòro mi. Kò sí ìwé. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.” Lójú ẹsẹ̀ ni mo kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè kejì.

Lọ́jọ́ náà, ìkíni àwọn àlejò pàtàkì jẹ ìṣẹ́jú 25 nínú 90 tí a ní. Mo yọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú tèmi kúrò pátápátá, mo ní kí wọ́n pín ìwé tí mo to àwọn ọdún sí káàkiri, mo sì bọ́ sórí ìbéèrè. Bí ọ̀kan nínú àwọn olùgbọ́ ṣe dìde nìyẹn tó ní ọmọ tí a bá fi Yorùbá kọ́ kò ní lè wọ fásitì. N kò dá a lóhùn, nítorí iṣẹ́ atọ́kùn kọ́ ni láti jiyàn. Mo ní kí onímọ̀ ìtàn ṣàlàyé ohun tí wọ́n rí ní Ifẹ̀, mo sì padà bi olùgbọ́ náà bóyá àlàyé náà kan ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ó ní ó kàn án, ṣùgbọ́n ṣé ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ tó ní owó ìrànwọ́ lè ṣojú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́? Ìbéèrè tó dára gan-an ni, òun ló sì gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀: Ifẹ̀ ní àwọn tó jókòó kọ ìwé fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn kí wọ́n tó kọ́ wọn. Bàbá tó ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ gbà láìfi bò pé ìlànà máa ń jáde, ṣùgbọ́n owó ìwé àti ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ kì í bá a jáde.

Ìbéèrè kan wà tí a kò yanjú. Ní kíláàsì ìlú ńlá, níbi tí ọmọ Yorùbá, ọmọ Ígbò àti ọmọ Haúsá ti jókòó pọ̀, èdè ta ni a ó fi kọ́ wọn? Màmá ní àwọn ọmọ máa ń gbọ́ èdè àdúgbò láàárín oṣù díẹ̀ nídìí eré. Onímọ̀ ìtàn kò fara mọ́ ọn, ó ní gbígbọ́ èdè lórí eré yàtọ̀ sí kíkọ́ ìṣirò pẹ̀lú rẹ̀. Mo jẹ́ kí èrò méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìròyìn wa pé a kò fẹnu kò.

Nígbà tí a ń kó àga, màmá mú ìwé àjákọ kan jáde nínú àpò wọn. Ìṣirò kíláàsì kẹta ni, ní Yorùbá, pẹ̀lú yíǹkì tó ti ń ṣá. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì fi fóònù ya ojú ìwé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi wá ti gbọ̀ngàn.