Ìwé Ẹ̀rí Kì í Ṣọ́ Bọ́ílà

Owó tí àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ bọ́ílà, ẹ̀rọ ńlá tó ń se omi di sítíìmù (oru omi), ń san fún kíláàsì ló ń dùn mí. Wọ́n á dé ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ bọ́ílà ní Ọ̀tà, ìwé ẹ̀rí mẹ́ta lọ́wọ́, tí mo bá sì ní, "Fi ibi tómi dé hàn mí," wọ́n á máa wojú mi.

Ìkíní, ẹ má sanwó kíláàsì tí kò ní bọ́ílà tó ń jó. Ọjọ́ mẹ́ta nínú hòtẹ́ẹ̀lì, àwòrán lára ògiri, ìrẹsì ọ̀sán, fọ́tò. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọn á jẹ́ kí ẹ tan bọ́ílà fúnra yín.

Ìkejì, tí iná bá kọ̀ tí kò ràn, ẹ má tún bọ́tìnì tẹ̀ kí fáànù tó fẹ́ gáàsì inú ìléru jáde tán. Ìléru á bú gbàmù.

Ìkẹta, ẹ má fún safety valve, ọ̀nà tí sítíìmù ń gbà tú jáde tó bá pọ̀ jù, pa torí pé ó ń jò. Ẹ tún un ṣe.

Wàyí o, gíláàsì tí a fi ń wo ibi tómi dé nínú bọ́ílà. Ihò méjì ló so ó mọ́ bọ́ílà: tòkè fún sítíìmù, tìsàlẹ̀ fún omi. Tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá dí tìsàlẹ̀, omi á ṣì wà nínú gíláàsì, àní yóò máa pọ̀ sí i, torí sítíìmù tó bá tutù níbẹ̀ á di omi. Bọ́ílà sì lè ti gbẹ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe blowdown rẹ̀ ní gbogbo ṣíìfù: ẹ ṣí ojú ibi tó ń dà sí, ẹ ti sítíìmù, kí omi tú jáde; ẹ ṣí sítíìmù padà, ẹ ti omi, kí sítíìmù tú jáde; ẹ wá ṣí méjèèjì, kí ẹ ti ojú ibi tó ń dà sí. Omi gbọ́dọ̀ sáré gòkè padà. Tó bá ń fà, ihò ti ń dí.

Ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, òru mẹ́ta ni mo fọwọ́ sí ìwé pé mo ṣe é, mi ò ṣe é. Gíláàsì dúró sí ìdajì. Òórùn ọ̀dà tó ń jó ló gbé ọ̀gá mi dé. Wọ́n pa iná, wọ́n ṣí gíláàsì, omi ò padà. Ẹ̀rọ tó yẹ kó pa iná fúnra rẹ̀ nígbà tómi lọ sílẹ̀ ńkọ́? Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kan náà ló dí i. Mo nawọ́ sí páńpù, ọ̀gá gbá ọwọ́ mi dànù. Omi tó bá di sítíìmù a máa fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ. Ká ní mo da omi tútù sórí páìpù tó ti pọ́n yẹn ni, ẹnì kankan ò ní jáde. A fi í sílẹ̀ títí ó fi tutù. Páìpù ti tẹ̀, iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ṣì ń dùn mí.

Omi borehole náà, ẹ má dà á sínú bọ́ílà láìtọ́jú rẹ̀. Èépá tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùlù yín náà ló ń bo páìpù, tí kì í jẹ́ kí ooru kọjá.

Àwọn kan á ní bọ́ílà kékeré ò wu àwọn, Egbin, ilé-iṣẹ́ amúnáwá ní Ìkòròdú, làwọn ń lọ. Ẹ̀rọ 6 ló wà níbẹ̀, 220 megawatt ni ìkọ̀ọ̀kan, bọ́ílà ló sì ń fún gbogbo wọn ní sítíìmù. Ẹ wá ṣíìfù alẹ́ ná. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ aláwọ dání, gíláàsì la máa kọ́kọ́ ṣí.