Bí A Ṣe Ń Wo Gbogbo Ààtò Pool ZFS Láti Ojú Tẹ́míná

Nínú ZFS, ìyẹn ètò tó ń bójú tó dísíìkì àti fáìlì lórí kọ̀ǹpútà, pool ni ibi tí a ti so dísíìkì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀, kí kọ̀ǹpútà lè máa lò wọ́n bí ibi ìpamọ́ kan ṣoṣo. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ààtò rẹ̀, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe wà. Bí a kò bá mọ orúkọ pool náà, àṣẹ zpool list yóò fi í hàn. Bí ó bá sì jẹ́ tank ni orúkọ rẹ̀, a ó tẹ:

zpool get all tank

Àṣẹ yìí kì í yí ohunkóhun padà, nítorí náà a lè tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Òpó mẹ́rin ni èsì rẹ̀ ní: NAME, PROPERTY, VALUE àti SOURCE. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka èyí tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí òun ló ń sọ ibi tí ààtò kọ̀ọ̀kan ti wá. Bí ó bá jẹ́ default, bí ZFS ṣe gbé e kalẹ̀ ló ṣì wà. Bí ó bá jẹ́ local, a ti yàn án fún pool yìí. Àmì - ní òpó yìí fi hàn pé ZFS fúnra rẹ̀ ló ń ṣírò rẹ̀, bí irú health, free àti capacity, tí a kò lè fi ọwọ́ yàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú feature@, tó ń sọ àwọn àfikún agbára ZFS tó wà lórí pool náà, tàn yín jẹ o: local ni wọ́n sábà máa ń kọ, kódà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn wọ́n láti ìgbà tí a ti dá pool náà sílẹ̀. Ohun tó yẹ kí a wò níbẹ̀ ni VALUE, nítorí ohun tó bá ti di active lè mú kí ẹ̀rọ tí ZFS rẹ̀ ti pẹ́ kọ̀ láti ṣí pool náà.

Nínú àwọn ìlà yòókù, mo máa ń kọ́kọ́ wo autoexpand, nítorí bí ó bá wà ní off, pool kò ní fẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá fi dísíìkì tó tóbi jù rọ́pò àwọn ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ashift, tó ń sọ bí ìpín kékeré jù lọ tí ZFS ń kọ sórí dísíìkì ṣe tóbi tó, níbi tí 12 ti túmọ̀ sí 4096 báìtì, tí 9 sì túmọ̀ sí 512.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwé àṣẹ aládàáṣe ni yóò ka èsì náà, èyí ló dára jù:

zpool get -Hp -o property,value,source all tank

-H yóò yọ àkọlé òpó kúrò, -p yóò sì kọ iye gan-an ní báìtì dípò kí ó gé e kúrú.

Ẹni tó bá ń wá compression (fífún dátà pọ̀) tàbí recordsize (bí ègé dátà ṣe lè tóbi tó) kò ní rí wọn níbí, nítorí ààtò dataset, ìyẹn ìpín tí a ń kó fáìlì sí nínú pool, ni wọ́n. Àṣẹ zfs get all tank ni a fi ń wò wọ́n.