Sẹ́ńsọ̀ tó ń pa ojú fóònù nígbà ìpè: ohun tó ń ṣì í lọ́nà àti bí a ṣe ń tún un ṣe

Ẹ gbé fóònù sétí, ojú rẹ̀ kò ṣú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nǹkan kiri, ìpè sì já. Tàbí kó ṣú tán, kẹ́ ẹ gbé e kúrò létí, kó kọ̀ kó má tàn. Sẹ́ńsọ̀ ìsúnmọ́ (proximity sensor), èyí tó ń mọ̀ bí nǹkan bá sún mọ́ ojú fóònù, ló wà nídìí méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni sẹ́ńsọ̀ ọ̀hún kò bàjẹ́ rárá. Ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà jáde tàbí wọlé ló dàrú. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí a tún ọ̀nà yẹn ṣe ná, ká tó fọwọ́ kan software.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ spíkà etí ni LED kékeré kan wà tó ń tan ìmọ́lẹ̀ infrared tí ojú kò lè rí, láàárín 850 sí 940 nanometer lọ́pọ̀ ìgbà. Photodiode, ẹ̀yà kékeré tó ń mọ ìmọ́lẹ̀, wà nítòsí rẹ̀, ó sì ń wọn èyí tó bá padà. Bí iye rẹ̀ bá ga ju ààlà kan lọ, fóònù gbà pé nǹkan ti sún mọ́ òun. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í wọn sẹ̀ǹtímítà gidi: 0 tàbí 5 nìkan ni wọ́n ń kọ, ìyẹn “ó sún mọ́” tàbí “ó jìnnà”. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò ní LED yìí; ìró ultrasound ni wọ́n ń rán jáde láti ara spíkà, tí maikirofóònù á sì gbọ́ bó ṣe padà. Fún irú wọn, ihò spíkà àti ti maikirofóònù ni kí ẹ nù mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ pa Bluetooth, ẹ yọ ohun ìgbọ́rọ̀ etí, ẹ má sì lo spíkà ìta, torí bí ohùn bá ti ń gba ibòmíràn jáde, fóònù kì í ka sẹ́ńsọ̀ yìí sí. Lórí ọ̀pọ̀ Samsung, ẹ tẹ *#0*# níbi tí ẹ ti ń tẹ nọ́ńbà ìpè, kí ẹ wọ Sensor. Lórí Xiaomi, *#*#6484#*#*. Fóònù Android mìíràn lè lo app phyphox, tó ń fi nọ́ńbà sẹ́ńsọ̀ hàn. Ẹ tẹ́ fóònù sílẹ̀ kó kọjú sókè, kí ẹ kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan kan kò sí lókè rẹ̀. Ẹ wá gbé bébà funfun bọ̀ láti ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ wo ibi tó ti yí. Ẹ tún fi aṣọ dúdú tí kò dán ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ dúdú sábà máa ń ní láti sún mọ́ ọn ju bébà lọ kó tó yí, torí pé ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń gbé infrared mì. Irun dúdú tó bo etí ń ṣe bákan náà, òun ló sì lè fà á tí fóònù kan fi ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan, tí kò ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Bí iye ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bá ga nígbà tí nǹkan kan kò sí lókè (lórí fóònù tó ń kọ 0 tàbí 5, bó bá dúró sí 0), gíláàsì ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, fóònù á sì máa ṣú láìnídìí. Bí iye náà kò bá gòkè rárá nígbà tí bébà sún mọ́ ọn (tàbí tó dúró sí 5), àfi kó jẹ́ pé ojú ihò ti dí tàbí LED kò tàn. Láti mọ̀, ẹ fi kámẹ́rà iwájú fóònù mìíràn wo rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n tí ẹ ń tẹ̀. Bí ẹ bá rí iná rìmóòtù, ẹ fi kámẹ́rà yẹn kan náà wo sẹ́ńsọ̀ nínú òkùnkùn nígbà tí ìpè ń lọ. Iná tó rọ̀ díẹ̀, bí elésè àlùkò, ló yẹ kó máa ṣẹ́jú níbẹ̀.

Ìmọ́tótó ló tẹ̀ lé e. Ẹ pa fóònù, ẹ fi isopropyl alcohol 70% díẹ̀ sára aṣọ microfibre, kí ẹ nu òkè ojú fóònù. Òróró ojú àti páńkéèkì tó lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tó láti dá ìmọ́lẹ̀ padà. Ẹ má da ohun olómi sínú ihò spíkà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí screen guard, kí ẹ tún un dán wò. Bí iye ìmọ́lẹ̀ bá wálẹ̀ (tàbí tí 0 bá yí sí 5), guard yẹn kò bá fóònù mu: lẹ́ẹ̀ rẹ̀ tàbí afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ rẹ̀ bo sẹ́ńsọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀; kò sí calibrate (títún òdiwọ̀n sẹ́ńsọ̀ ṣe) tó máa wo èyí sàn.

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ jù ni ìgbà tí wọ́n bá pààrọ̀ ojú fóònù. Rọ́bà kékeré kan wà tó pààlà sáàárín LED àti photodiode. Bó bá sọnù, tàbí tó wọ́, ìmọ́lẹ̀ á gba abẹ́ gíláàsì lọ tààrà sọ́dọ̀ photodiode láìtíì jáde síta. Ẹ yọ ọ́ lára ojú àtijọ́ pẹ̀lú tweezers, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ tuntun dáadáa. Sẹ́ńsọ̀ ní láti fara mọ́ gíláàsì pẹ́kípẹ́kí. Bí àlàfo bá ti pọ̀ sí i láàárín wọn, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó ń padà láti ara gíláàsì ń pọ̀ sí i. Ẹ wo ojú ihò náà pẹ̀lú: ó dúdú lójú wa, àmọ́ ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí infrared kọjá. Ti àwọn ojú fóònù ayédèrú kan kì í jẹ́ kó kọjá tó.

Nígbà tí gbogbo èyí bá ti tọ́ ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ calibrate, bí fóònù yín bá fàyè gbà á. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbi tí oòrùn kò dé, torí infrared pọ̀ nínú oòrùn, kí ẹ sì mú ọwọ́ kúrò lókè rẹ̀. Iye tí gíláàsì ń dá padà ni fóònù ń wọn lásìkò yìí, kó lè máa yọ ọ́ kúrò. Bí ọwọ́ bá wà lókè, ó máa ka ọwọ́ mọ́ gíláàsì, kò sì ní rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin tó ń ṣe app Android, ẹ má fi 5 ṣe òdiwọ̀n. Ẹ fi nọ́ńbà tó wọlé wé getMaximumRange, ìyẹn ìwọ̀n tó jìnnà jù tí sẹ́ńsọ̀ lè kọ, kí ẹ ka èyí tó bá kéré sí i sí “ó sún mọ́”. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń to driver, software tó ń darí sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀, iye ìmọ́lẹ̀ tó ń padà lẹ ó máa wò, ààlà méjì sì ni kí ẹ lò. Ká ní iye yẹn jẹ́ 100 nígbà tí nǹkan kan kò sí lókè, tó ń mì láàárín 95 sí 105, tí aṣọ dúdú ní sẹ̀ǹtímítà 3 sì mú un dé 160: ẹ fi ìsúnmọ́ sí 140, kí ẹ fi ìjìnnà sí 120. Bí méjèèjì bá jẹ́ nọ́ńbà kan náà, ojú fóònù á máa ṣẹ́jú nígbàkígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá mì díẹ̀.