Bẹ́ ẹ ṣe máa ta bóòtù onígbòkun yín ní ìlú ọba kó tó jẹ owó yín tán

Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ gbé bóòtù onígbòkun sí Southampton, sí Portsmouth, sí Ipswich àti agbègbè ẹ̀, tẹ́ ẹ wá ń rò ó báyìí pé ẹ fẹ́ tà á, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bóòtù tí mò ń sọ kì í ṣe kékeré tí wọ́n fi ń ṣeré lórí adágún o, èyí tó ní yàrá, ibi ìdáná, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ẹ́ńjìnì nínú ni, tí èèyàn lè sùn sí tó sì lè gbé kọjá sí Faransé. Rírà ẹ̀ ò le rárá, títà ẹ̀ ló ń tán sùúrù èèyàn, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fi ń wá ẹni tó máa rà á, owó ò yéé jáde.

Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe fọ́tò yíyà, kì í sì í ṣe alágbàtà wíwá. Ẹ jókòó, ẹ mú bíírò, kẹ́ ẹ ṣírò iye tí bóòtù yẹn ń gbà lọ́wọ́ yín lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fẹ́ ṣe é torí ó máa ń dunni. Ẹ jẹ́ ká mú bóòtù mítà 10, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà bíi 33. Owó ààyè ní màrínà, ìyẹn ibi tí wọ́n ń san owó gbé bóòtù sí, ní Solent, omi tó wà létí Southampton àti Portsmouth, fún irú ẹ̀ lè lé ní £6,000 lọ́dún torí mítà ni wọ́n fi ń díwọ̀n tí wọ́n fi ń gbowó. Ìnṣọ́ránsì wà níbẹ̀. Kí wọ́n gbé e jáde nínú omi, kí wọ́n fọ ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ kun ọ̀dà antifoul sí i kí ewé àti àwọn ìkarahun wẹ́wẹ́ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, ìyẹn náà wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń fẹ́ ọ́ìlì, ó ń fẹ́ fílítà, ó ń fẹ́ impeller tuntun tó ń fa omi wọlé láti mú un tutù, àwọn anode, ìyẹn irin onízinc tí omi iyọ̀ ń jẹ dípò propeller náà ń fẹ́ pípààrọ̀. Tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó lè wọ £9,000 lọ́dún wọ́ọ́rọ́wọ́, ìyẹn £750 lóṣù kan, nǹkan kan ò sì tíì bàjẹ́ o.

Ẹ kọ nọ́ńbà yẹn síbi tẹ́ ẹ ti máa rí i, òun lẹ máa fi ta bóòtù yìí.

Ohun tó wá ń bí mi nínú jù nípa bóòtù ni pé àwọn ìnáwó ńláńlá ẹ̀ ní ọjọ́ orí tiwọn, kò kàn wọ́n bóyá ẹ lò ó tàbí ẹ ò lò ó. Àwọn wáyà tó di òpó ìgbòkun mú, tó bá ti tó ọdún 10 sí 15 àwọn oní ìnṣọ́ránsì á ní kẹ́ ẹ lọ pààrọ̀ ẹ̀, bó ń dán bó ò dán, ẹgbẹ̀rún pọ́ùn mélòó kan ni. Tí ẹ́ńjìnì yín bá jẹ́ ti Volvo Penta tó ní saildrive, ìyẹn ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì tó gba ìdí bóòtù kọjá sínú omi láti yí propeller, rọ́bà ńlá kan wà láàárín ẹ̀ àti òkun, ọdún méje méje ni Volvo ní ká máa pààrọ̀ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n sì ní láti sún ẹ́ńjìnì kúrò nípò kí ọwọ́ tó débẹ̀. Liferaft, ìyẹn bóòtù tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí láti fi sá àsálà, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ fún àyẹ̀wò. Rọ́bà gáàsì ní déètì lára. Flare, ìyẹn iná tí wọ́n ń tàn láti fi wá ìrànlọ́wọ́, ní déètì, tó bá sì ti kọjá, ẹ ò lè jù ú sí bíìnì, ẹ máa wá ibi tí wọ́n ti ń gbà á ni. Tí bóòtù bá wá ti dàgbà, bíi ọdún 20 sí 25, àwọn oní ìnṣọ́ránsì á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè àyẹ̀wò sọ̀féyọ̀, ìyẹn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń yẹ bóòtù wò, sọ̀féyọ̀ á dé á kọ nǹkan sílẹ̀ jàn-ànràn jan-anran, wọ́n á ní àfi kẹ́ ẹ tún gbogbo ẹ̀ ṣe káwọn tó gbà yín, ẹ ò sì lè wà ní màrínà láìsí ìnṣọ́ránsì. Bó ṣe ń yí po nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá wò ó, ẹ fi ojú ẹni tó ń rajà wò ó fúnra yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Àwọn seacock, ìyẹn àwọn táàpù irin tó wà lẹ́nu ihò tó jáde sínú òkun, ẹ ṣí wọn ẹ tì wọ́n níkọ̀ọ̀kan, èyí tí ò bá yí, ó ti di iṣẹ́ nìyẹn. Nígbà tí bóòtù bá wà lórí ilẹ̀, ẹ fi ọ̀bẹ ha ara wọn díẹ̀. Idẹ tó ṣì dáa máa ń yọ àwọ̀ yẹ́lò, ṣùgbọ́n tó bá ń pọ́n bíi pínkì, omi iyọ̀ ti fa zinc inú ẹ̀ yọ nìyẹn, bàbà tó kù ti di ẹlẹ́gẹ́, ó lè ṣẹ́ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé bóòtù sọ́jà, torí kò wọ́n tó iye tí ẹni tó ń rà á máa fi yọ kúrò lára owó yín tí sọ̀féyọ̀ tiẹ̀ bá rí i.

Òórùn ni nǹkan kejì, òun ló sì ń lé oníbàárà jù. Èèyàn á ṣí ìlẹ̀kùn, òórùn dísẹ́ẹ̀lì, nǹkan tó bu àti ìtọ̀ á bá a lẹ́nu ọ̀nà, kò ní sọ nǹkan kan, á kàn ní òun máa pè yín padà, kò sì ní pè. Bọ́ọ̀lù káńfọ̀ olóòórùn ò ran èyí o. Páìpù rọ́bà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí tó bá ti pẹ́, òórùn á gba ara rọ́bà jáde bí kò tiẹ̀ jò. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀: ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú omi gbígbóná, ẹ fún un, ẹ wé e mọ́ páìpù yẹn títí á fi tutù, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gbóòórùn aṣọ yẹn. Tó bá ń rùn, páìpù ti kú nìyẹn. Ẹ tún gbẹ omi àti ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, ẹ fọ̀ ọ́ títí tíṣù funfun á fi lè kàn án láìdúdú, kí ẹni tó bá wá lè rí i pé nǹkan kan ò jò. Gbogbo ẹrù ara yín náà, ẹ kó o lọ sílé pátápátá. Inú bóòtù tó ṣófo máa ń dà bíi pé ó tóbi, tí ẹni tó ń wò ó á lè fojú inú rí ara ẹ̀ níbẹ̀.

Iye wá ńkọ́? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ẹ̀gbọ́n kan tó ní bóòtù sí odò Hamble pè mí, inú ń bí i, ó ní "Àbúrò, ìgbòkun tuntun ni mo rà sí i o, mo ra bátìrì, mo ra chartplotter tó ń fi ọ̀nà òkun hàn, ẹni yẹn wá ń pe owó yẹn fún mi!" Mo ní "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, owó ìgbòkun yẹn ti lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á. Ẹni yìí ò ra rìsíìtì, bóòtù ló ń rà." Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Nǹkan tuntun máa jẹ́ kí bóòtù yá títà ju ti ẹlòmíì lọ, kò ní dá owó padà fún yín.

Ká ní ẹ pe £20,000, ẹnì kan wá tó ní owó lọ́wọ́, ó ní £17,500 lòun máa san. Ẹ bínú, ẹ lé e lọ. Tẹ́ ẹ bá wá dúró oṣù mẹ́rin kí ẹlòmíì tó dé, £3,000 ti lọ fún màrínà àti ìyókù. Ká tiẹ̀ ní ẹni kejì yẹn san £20,000 pé, ẹ ti pàdánù £500, kì í sì í san án pé, torí òun náà máa ná an. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà oṣooṣù yẹn síta nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ iye gidi, ẹ lọ wo irú bóòtù yín lórí YachtWorld àti Apollo Duck, àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń ta bóòtù, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé iye tí wọ́n ń pè lẹ̀ ń wò yẹn, kì í ṣe iye tí wọ́n tà á. Àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá ń sọ iye tí ọjà ò gbà fún yín. Ẹ pe alágbàtà méjì, ẹ bi wọ́n pé èló ni wọ́n ta ìkan gbẹ̀yìn. Ẹ gbé e síta ní ìparí wíńtà, kó má ju oṣù kẹta lọ, torí ìgbà yẹn làwọn èèyàn ń wá èyí tí wọ́n máa fi ṣe sọ́mà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá máa san owó wíńtà kan gbáko kó tó rí ẹnikẹ́ni.

Ìwé, ẹ wá a báyìí, ẹ má dúró di ìgbà tí oníbàárà bá dé. Lábẹ́ òfin ìlú ọba, ọkọ̀ tó bá wà ní Part I nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ ojú omi, ìpín 64 ni wọ́n pín in sí, tí ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín bá jọ ra tiyín, gbogbo ẹni tó ní ìpín níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Àwọn tó bá wà ní Part III, ìyẹn SSR (Small Ships Register, ti àwọn ọkọ̀ kéékèèké), ẹ má rò pé káàdì yẹn ni ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ín, kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Bill of Sale, ìyẹn ìwé ọjà títà, tí wọ́n fi tà á fún yín àti ti àwọn tó ti ni ín ṣáájú ni wọ́n máa béèrè. Wọ́n tún máa béèrè ẹ̀rí pé wọ́n ti san VAT lórí ẹ̀. Àmì CE, tó ń fi hàn pé ó bá òfin Yúróòpù mu, náà wà níbẹ̀, fún èyí tó kọ́kọ́ dé ọjà Yúróòpù lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 1998. Brexit náà dá kún un: bóòtù tó wà nínú omi UK nígbà tí ọdún 2020 parí, tí ará Faransé tàbí Netherlands bá fẹ́ rà á gbé lọ sílé, ó lè ní láti san VAT ìlú tiẹ̀ lórí ẹ̀, nítorí náà ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé oníbàárà òkè òkun jù.

Alágbàtà ń gba bíi 6% sí 8% àti VAT lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbé jìnnà sí bóòtù, ẹ gbé e fún wọn, owó yẹn ò ṣòfò, torí wọ́n á mú èèyàn wá wò ó lọ́jọ́ iṣẹ́, wọ́n á sì di àsansílẹ̀ mú. Bóòtù tí ò bá tó £10,000, ẹ tà á fúnra yín, Facebook Marketplace náà ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ka ìwé àdéhùn màrínà yín, àwọn kan ní tẹ́ ẹ bá tà á sọ́dọ̀ àwọn ẹ máa fún àwọn ní nǹkan níbẹ̀, ààyè yẹn kì í sì í bá bóòtù lọ, ẹni tuntun ló máa bá wọn ṣe àdéhùn tiẹ̀. Tí ẹnì kan bá sì ní òun máa ra bóòtù láì wò ó, tó fi owó tó ju iye yín lọ ránṣẹ́, tó ní kẹ́ ẹ dá ìyókù padà fún "shipping agent", gbájúẹ̀ ni, ẹ má dá a lóhùn.

Tẹ́ ẹ bá ti jọ fohùn sí iye kan, ẹ lo ìwé àdéhùn RYA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ìgbòkun ìlú ọba, kó san àsansílẹ̀ 10%, kó sì mú sọ̀féyọ̀ tiẹ̀ wá, òun ló máa sanwó sọ̀féyọ̀ àti owó gbígbé e jáde. Ìròyìn sọ̀féyọ̀ á dé, á gùn, ẹ̀rù á ba gbogbo èèyàn. Ẹ fara balẹ̀ kà á. Èyí tó jẹ́ ewu, tẹ́ ẹ ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ dín nǹkan kúrò fún un. Èyí tó ti hàn sí i lójú kó tó pe iye, ẹ dúró lórí iye yín.

Ẹ má parọ́ o, pàápàá lórí kíìlì, ìyẹn irin wúwo ìsàlẹ̀ tí kì í jẹ́ kí bóòtù dojú dé. Lóṣù karùn-ún ọdún 2014, kíìlì bóòtù kan tó ń jẹ́ Cheeki Rafiki já kúrò lójú agbami Atlantic nígbà tó ń bọ̀ láti Antigua, èèyàn mẹ́rin ló bá a lọ. Àwọn tó wádìí ẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà tí ìdí ẹ̀ gbálẹ̀ ṣáájú àti àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀ ló jọ sọ ibi tí kíìlì ti so mọ́ ọn di aláìlágbára. Nítorí náà tí tiyín bá ti gbálẹ̀ rí, ẹ sọ ọ́, ẹ fi ìwé àtúnṣe hàn wọ́n. Yàtọ̀ sí ti ẹ̀mí èèyàn, ẹni tẹ́ ẹ bá parọ́ fún lè gbé yín lọ sí kóòtù lábẹ́ òfin Misrepresentation Act 1967.

Tí ò bá wá tà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò níbi tó wọ́n. Ibi tí wọ́n ti ń so ó mọ́ buoy, ìyẹn nǹkan tó léfòó tí wọ́n dè mọ́ ìsàlẹ̀ omi, láàárín odò, tàbí inú ẹrẹ̀ ní Essex àti Suffolk tó bá jẹ́ oníkíìlì méjì bíi Westerly Centaur tó lè dá dúró nígbà tómi bá fà, owó ẹ̀ kéré sí ti màrínà gan-an. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ já owó ẹ̀ wálẹ̀. Tó bá tún kọ̀, ẹ fi ta ọrẹ nígbà tó ṣì léfòó. Èyí ò dùn ún gbọ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n Faransé ti ní ètò láti ọdún 2019 tí wọ́n fi ń fọ́ ọkọ̀ tó ti gbó lọ́fẹ̀ẹ́, níbí ẹ̀yin lẹ máa sanwó kí wọ́n tó bá yín fọ́ ọ. Ẹ má sì sá fi í sílẹ̀ fún màrínà, òfin Torts Act 1977 fún wọn láyè láti tà á gba gbèsè wọn, tí owó ẹ̀ ò bá sì tó, wọ́n ṣì máa wá yín wá.

Lọ́jọ́ tí owó bá wọ àkáǹtì yín, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn ti fi ránṣẹ́ o, ẹ fọwọ́ sí Bill of Sale, ẹ kọ ọjọ́ àti aago tẹ́ ẹ kó kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́ sí i, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó dá ìnṣọ́ránsì dúró. Ẹ kọ̀wé sí màrínà, sí registry tẹ́ ẹ ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, sí Ofcom nítorí láìsénsì rédíò. EPIRB, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ké pe ìrànlọ́wọ́ nígbà ewu, tó bá wà nínú ẹ̀ náà, orúkọ yín àti nọ́ńbà fóònù yín làwọn coastguard ní lọ́wọ́, tó bá ké lójú òkun lọ́jọ́ kan, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè ní òru láti béèrè àwọn tó wà nínú ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti tà, wọ́n á sì máa fi àkókò ṣòfò lórí yín nígbà tí àwọn yẹn wà nínú omi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ yí orúkọ ẹ̀ padà.