Ìwo ẹtu tí bàbá mi fi ń wọn ẹ̀tù

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi ni àbúrò wọn gbé ìbọn wọn lọ fún àwọn agbófinró kí wọ́n bá wa tọ́jú rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà fún ọdún mẹ́rin. Ṣákábùlà ni: ìbọn tí à ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí, tí à ń fi kẹ́ẹ̀pù, ìdérí irin kékeré tí ń ta iná bí a bá lù ú, sí ìdí rẹ̀ kí iná lè ráyè wọlé. Nígbà tí ẹgbẹ́ ọdẹ tí bàbá mi wà ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ ṣe ìrántí àwọn ọdẹ tó ti papò dà, wọ́n ní ó yẹ kí ìbọn náà dún lọ́jọ́ náà, àti pé ọwọ́ ọmọ ni ó yẹ kí ó ti dún. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe ní Òkè-Mosàn. N kò yin ìbọn rí láyé mi, oṣù mẹ́ta péré ni ó sì kù.

Ìwé àṣẹ ni mo kọ́kọ́ lé. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ka ṣákábùlà mọ́ àwọn ìbọn tí a ń ti ẹnu kì, kò sì fi wọ́n sílẹ̀ láìní ìwé, nítorí náà mo ní kí wọ́n ṣe tèmi lórúkọ ara mi kí n tó lọ gba ohunkóhun. Èyí gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti sùúrù tí n kò ní lọ ròyìn níhìn-ín.

Kí ìwé náà tó jáde ni ìmọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Kò sí ilé tí mo yà sí ní Abẹ́òkúta tí wọn kò ti mọ̀ nípa ìbọn jù mí lọ. N kò dá wọn lẹ́bi: ìlú tí ó fi ìbọn lé àwọn ará Dàhòmì padà ní 1851, tí ó tún lé wọn ní 1864, kò lè ṣaláìní ọmọ tí yóò máa rò pé inú ẹ̀jẹ̀ òun ni ìmọ̀ ìbọn wà. Mẹkáníìkì kan tí ó ń tún ọkọ̀ mi ṣe ní Láfẹ́nwá sọ pé kí n má fi owó ra ẹ̀tù dúdú. Ó ní kí n la kátíríìjì méjì, kí n da ẹ̀tù inú rẹ̀ sínú ìbọn, pé kì í rú èéfín, ó sì lágbára jù. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ sínú fóònù mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Texas, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Níbẹ̀, òfin kò de ẹni tí ó bá fẹ́ máa di ọta ara rẹ̀ nílé: wọn á ṣa èèpo ọta tí wọ́n ti yìn, wọn á yọ kẹ́ẹ̀pù tó ti jó kúrò nídìí rẹ̀, wọn á fi tuntun sí i, wọn á wọn ẹ̀tù sínú rẹ̀, wọn á sì tẹ orí ọta mọ́ ọn lẹ́nu. Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé nídìí iṣẹ́ yìí, ó sì tún ń pe ara rẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́. Mo fi ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì náà ránṣẹ́ sí i, ó pè mí kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó pé. Ó ní ẹ̀tù inú kátíríìjì kì í ṣe ẹbí ẹ̀tù dúdú rárá, pé agbára tí ó ń tú jáde nínú ìbọn ju ohun tí irin ṣákábùlà lè gbà lọ fíìfíì, ìbọn náà yóò sì bẹ́ mọ́ mi lójú. Ó wá sọ bí òun ṣe ń gba ìmọ̀ràn fún mi. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀tù ń tẹ ìwé òṣùwọ̀n jáde, tí ó sọ iye tí èèpo àti ọta kọ̀ọ̀kan lè gbà. Ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un lẹ́nu, inú ìwé ni ó ti ń lọ wá a wò. Ìsàlẹ̀ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, bóyá kí ó fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dín sí iye tí ìwé ní kí a má kọjá, a sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá pààrọ̀ nǹkan kan ṣoṣo, ì báà ṣe kẹ́ẹ̀pù, ó ti padà sí ìsàlẹ̀ nìyẹn. Irú ẹ̀tù méjì kì í jọ wà lórí tábìlì rẹ̀, ó sì ń fi tọ́ọ̀ṣì wo inú èèpo kọ̀ọ̀kan kí ó tó dí i, nítorí èyí tí ẹ̀tù bá wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lè fọ́ ìbọn, èyí tí kò bá sì ní ẹ̀tù rárá, kẹ́ẹ̀pù nìkan lè ti ọta dé àárín ìbọn kí ó há síbẹ̀, kí ọta tó tẹ̀lé e wá bá a níbẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ iye tí àwọn tí ń yin ìbọn bíi tèmi lọ́hùn-ún ń lò. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tí mo yọ ọ́ lẹ́nu, ó sọ iye kan, ó sì kìlọ̀ pé ti ìbọn òun ni o. Mo kọ iye náà sílẹ̀. Ìkìlọ̀ náà ni n kò kọ.

Ẹni tí ẹgbẹ́ fà mí lé lọ́wọ́ ni bàbá àgbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àdátán, tí oko wọn wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Lọ́jọ́ tí mo gbé ìbọn náà dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ti ń sọ láti ẹnu ọ̀nà pé ó ṣófo, pé àbúrò bàbá mi tí ó gbé e lọ fún àwọn agbófinró ti jẹ́rìí sí i. Bàbá kò dá mi lóhùn. Wọ́n mú ọ̀pá ìkìbọn, wọ́n jẹ́ kí ó rọra sọ̀ kalẹ̀ sínú ìbọn títí tí ó fi dúró, wọ́n fi àtàǹpàkò di ibi tí ó bá ẹnu ìbọn dọ́gba mú, wọ́n fà á yọ, wọ́n sì nà án sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde. Orí ọ̀pá náà kò dé ìdí. Ó ku bí ìwọ̀n ìka mẹ́rin.

“Ẹnì kan wà nínú ilé,” ni Bàbá wí.

Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀tù ti wà nínú ìbọn tí gbogbo ẹbí búra pé ó ṣófo. Wọ́n da omi gbígbóná sí i láti ẹnu, wọ́n sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo padà dé, omi dúdú ti ń kán láti ibi tí kẹ́ẹ̀pù ń jókòó lé, bíi ti aró. Irin kékeré kan tí ó lọ́ pọ̀ bí ìrù ẹlẹ́dẹ̀ wà lórí ọ̀pá ìkìbọn mìíràn. Òun ni wọ́n fi fa àkísà tí bàbá mi fi dí ẹ̀tù náà jáde. Mo dá àkísà náà mọ̀. Ara agbádá kan ni.

Ìgbà tí ó ṣófo tán ni wọ́n ní kí n fi ọ̀bẹ fa ìlà sára ọ̀pá, ní ibi tí ó bá ẹnu ìbọn dọ́gba nígbà tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. A óò fa ìlà kejì nígbà tí a bá ki í dáadáa. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí mo nílò láti bi bóyá nǹkan wà nínú ìbọn yìí tàbí kò sí.

Nínú àpò ọdẹ bàbá mi ni a ti rí òṣùwọ̀n. Ìwo ẹtu kékeré kan ni, wọ́n ti gé etí rẹ̀ dọ́gba, ọwọ́ sì ti gbo ó títí ó fi ń dán. Bàbá Àdátán wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bàbá mi kò fi ojú lásán wọn ẹ̀tù ìbọn yìí rí, pé ìwo náà ni wọ́n gé díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ìbọn mu. Òṣùwọ̀n ìbọn ni, kì í ṣe ti ẹni tó ni ín. Mo béèrè ìdí tí a kò fi lè máa da ẹ̀tù tààrà láti inú àdó. Wọ́n ní bí ẹyin iná kékeré kan bá ṣẹ́kù nínú ìbọn láti ìgbà tí a yìn ín kẹ́yìn, ìwọ̀nba tó wà nínú ìwo ni yóò gbiná. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àdó ni ó wà lẹ́nu ìbọn, àdó ni yóò gbiná, ọwọ́ tó mú un dání yóò sì bá a lọ.

Ìbọn kíkì fúnra rẹ̀ kò pẹ́. Mo fi àkísà gbígbẹ nu inú rẹ̀, mo yin kẹ́ẹ̀pù kan lórí òfìfo kí òróró tó wà lójú ihò lè jó dànù, mo da ìwo kan sínú rẹ̀, mo ki àkísà lé e pẹ̀lú ọ̀pá tí mo fi ìka mú, láìgbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, láìsì gbé ojú sí òkè ẹnu ìbọn. N kò fi ọta kankan sí i, nítorí ìbọn ẹ̀yẹ ni. Kẹ́ẹ̀pù ni ìgbẹ̀yìn, lẹ́yìn tí ìbọn ti kọ ojú sí ibi tí kò sí ènìyàn. Nígbà tí àkísà tí mo mú wá tán, Bàbá fa tiwọn yọ nínú àpò, wọ́n ní mo rí i báyìí pé ọmọdé kì í ní àkísà bí àgbà.

Ibi tí ojú ti tì mí ni mo fẹ́ sọ báyìí. Ọmọkùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ tí òun náà jogún ṣákábùlà, ó kéré sí mi ní bí ọdún mẹ́jọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó pè mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀tù mélòó ni mo máa fi sí i?” Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni mo ti wà nídìí ẹ̀kọ́. Ó yẹ kí n ní kí ó dúró de ọjọ́ Sátidé, kí a jọ lọ bá Bàbá. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ mi pé ẹnì kan ń bi mí, mo sì ṣí fóònù, mo ka iye tí ẹ̀gbọ́n mi ti Texas sọ fún mi sí i létí, mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé gíráàmù ni.

Ní ọjọ́ Sátidé ó dé pẹ̀lú òṣùwọ̀n ilé ìdáná tí ó rà ní Kútọ̀ àti ẹ̀tù tí ó ti wọ̀n, tí ó dì sínú ọ̀rá. Bàbá gbà á, wọ́n gbé e lé ọwọ́ wò.

“Ìbọn mélòó lo fẹ́ kì?”

“Ọ̀kan ni, Bàbá.”

Wọn kò bínú. Wọ́n tẹ́ bébà sílẹ̀, wọ́n mú ìwo bàbá mi, wọ́n ń bù ú ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní kí n máa kà. Mo ka mẹ́ta, mo ka méje. Nígbà tí mo ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí díẹ̀ sì tún ṣẹ́kù nínú ọ̀rá, òye ohun tí mo ṣe yé mi. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà fún iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń pè ní grain. 7000 rẹ̀ ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan, gíráàmù kan ṣoṣo sì ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ lọ. Èmi tí mo ń fi ìṣirò jẹun, tí n kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe náírà ní dọ́là mọ́ mi lọ́wọ́, ni mo pe grain ní gíráàmù.

“Ta ló sọ ọ́ fún ọ?” ni Bàbá bi í. Ojú rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, kò sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní èmi ni. Wọ́n wá bi èmi náà: ta ló sọ fún mi, àti pé ìbọn wo ni onítọ̀hún ti dán an wò? Mo dáhùn méjèèjì. Bàbá ní bí mo bá ti lè dáhùn méjèèjì báyìí, kí ló dé tí n kò sọ wọ́n fún ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn? N kò rí èsì fọ̀. Mo bẹ ọmọkùnrin náà, ó ní kò tọ́pẹ́, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tún bi mí ní nǹkan, n kò sì lè bá a wí.

Ọjọ́ ìrántí pé. Wọ́n ti ń sun ìrèmọ̀jé láti òru. Ìbọn mẹ́fà ni ó tò, tèmi ni ìkẹrin. Nígbà tí ó kàn mí, mo fa irin, kẹ́ẹ̀pù ta, ìbọn kò dún. Kíá ni ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lù mí láti ẹ̀yìn: ẹnì kan ní kí n yí i padà kí n wo ẹnu rẹ̀, ẹlòmíràn ní kí n já kẹ́ẹ̀pù kúrò kí n fẹ́ atẹ́gùn sí i. Iná lè máa rìn lábẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀tù tó ti gba ọ̀rinrin, kí ìbọn sì dún lẹ́yìn tí a ti rò pé ó kọ̀. Mo jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ kọ ojú sókè sí pápá, mo ń ka oókan, eéjì, títí mo fi ka ọgọ́ta, mo sì kà á lẹ́ẹ̀kejì nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Lẹ́yìn náà mo fi kẹ́ẹ̀pù tuntun sí i. Ó dún. Èéfín funfun bo gbogbo wa, òórùn imí-ọjọ́ gba ilẹ̀, ìyá mi tí wọ́n jókòó lábẹ́ àtíbàbà sì pe orúkọ bàbá mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni a fọ̀ ọ́, nítorí èérí tí ẹ̀tù dúdú ń fi sílẹ̀ máa ń fa omi mọ́ra, ìpẹtà kì í sì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́. Mo da omi gbígbóná oní-ọṣẹ sí i, mo fi àkísà fọ̀ ọ́ títí omi tó ń jáde fi mọ́, mo nu ún gbẹ, mo sì fi òróró ra á. Ọmọkùnrin yẹn ni ó bá mi di kẹ́tùlù mú. Ó wo òróró ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, ó wá béèrè bóyá àdí kò lè ṣiṣẹ́ náà. Mo sọ fún un pé Bàbá ló ní kí n lo èyí lórí ìbọn mi, pé n kò tíì lo àdí rí. A jọ lọ wá wọn lọ lábẹ́ àtíbàbà láti bi wọ́n. Wọ́n ti sùn lọ lórí àga, àpò ọdẹ wọn lórí itan, a sì fi ìbéèrè náà di ọjọ́ kejì.